Ibi Tí Iṣan Ti Fún

Láti ọjọ́ tí dókítà kan ti sọ pé ọ̀kan nínú àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ inú ọkàn ti fún, oúnjẹ ò lọ lọ́fun Namdeo mọ́. Àgbẹ̀ ọlọ́sàn ni, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ sí ọsibítù nílùú Nagpur, ó rin oko rẹ̀ yí ká, ó ń fọwọ́ kan igi kọ̀ọ̀kan. Indumati, ìyàwó rẹ̀, náà ò fẹnu kan nǹkan kan.

Ìyá Namdeo dì í lọ́wọ́ mú lẹ́nu ọ̀nà. "Ọmọ mi, mọ́kàn le."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dúró sinmi lórí àtẹ̀gùn ọsibítù.

"Bàbá Sonali," Indumati ní, "òógùn ti bò yín."

Dókítà Wankhede, obìnrin tí kì í gbóhùn sókè, ní kí wọ́n jókòó.

"Pé iṣan fún nìkan kọ́ lọ̀rọ̀," ó ní. "Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń kọjá níbẹ̀ dáadáa? Ohun tá a fẹ́ mọ̀ nìyẹn. A ó ya àwòrán ọkàn, kọ̀ǹpútà á sì fi ṣírò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn. Tó bá lé ní ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, oògùn ti tó. Tí ò bá tó bẹ́ẹ̀, ọ̀la la ó la àyà."

"Ọ̀la kẹ̀?" Namdeo ní. "Ọsàn tó wà lórí igi ńkọ́?"

"Ṣé ọsàn ló ń ṣàìsàn ni?" Indumati bi í.

Wọ́n gbé ìwé wá. Namdeo fọwọ́ sí i, orúkọ rẹ̀ yà kúrò lórí ìlà.

Indumati bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ dúdú tí Namdeo so mọ́ ọn lọ́rùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó kó gbogbo rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Lọ́dọ̀ tiwọn, opó ló ń bọ́ ọ.

"Indumati, n ò tíì kú o."

"Ẹ ṣáà dì í mú."

Ilẹ̀kùn tì. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ohùn kan látinú ẹ̀rọ ní, "Fa èémí sínú. Má mí." Namdeo fa èémí sínú, kò mí. Àyà tí wọ́n fọ̀bẹ là ló ń rí. Ó ti ka ení, èjì dé ogún kí ohùn náà tó ní, "Ó yá, mí."

Wọ́n retí èsì kọ̀ǹpútà títí di ìrọ̀lẹ́.

"Tó bá wá di pé wọ́n là á..." Namdeo ní.

"Sonali á wá bójú tó ilé," Indumati dá a lóhùn. "Ẹ dákẹ́."

Dókítà wọlé pẹ̀lú àwòrán kan lọ́wọ́.

"Méjìdínláàádọ́rùn-ún," ó ní. "Kò ní sí iṣẹ́ abẹ."

Orúnkún Namdeo yẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ ògiri tó gbá a mú.

"Màmá," Dókítà Wankhede sọ fún Indumati, "oògùn ti tó fún ọkàn yín tá a yà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tẹ́ ẹ dùbúlẹ̀ sí yẹn, kí ọkọ yín ráyè sùn síbẹ̀."