Kànga Tí Kò Ní Ìdérí

Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, ẹ̀rọ ayárabíàṣá tó ń ronú tó sì ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn máa ń sọ ohun tó pa ọmọ kọ̀ọ̀kan tó kú ní ìlú wa fún àwa ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ikú ọmọdé. Lónìí, ó ní kànga ìjọba tí kò ní ìdérí ló pa Oyèníkẹ̀ẹ́, bó ṣe pa ọmọ méjì ṣáájú rẹ̀. Alága wa, tí míìtì-páì kún ẹnu rẹ̀ fọ́fọ́, ní kí ẹ̀rọ kọ ọ́ pé àmúwá Ọlọ́run ni.

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá ọmọ náà wọlé.

"Ìyá Oyèníkẹ̀ẹ́, ẹ padà sílé," ni Alága wí. "A kì í fi sàréè ọmọ han òbí."

"Sàréè kọ́ ni mo bá wá, sà. Ṣé ẹ ti dé kànga yẹn?"

Ẹ̀rọ nìkan ló dá a lóhùn.

"Wọn ò tíì dé e, mà. Ẹ pẹ̀lẹ́ o."