Ohun Tí Ìbídùnní Fi Pamọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fetí sílẹ̀. Ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní Òkè-Àràbà, ọ̀dọ́bìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ìbídùnní. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gba àwọn ìyá tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nímọ̀ràn. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta níbẹ̀. Ó mọ̀wé, aláàánú sì ni, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ohunkóhun ṣòro fún òun. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Odùtọ́lá, àgbà tó ń tọ́ ọ sọ́nà lẹ́nu iṣẹ́, á pè é jókòó, á bi í pé, "Èwo ló le jù lọ́sẹ̀ yìí?"

Èsì kan náà ni Ìbídùnní máa ń fún un: "Kò sí o, mà. Gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa."

Lọ́jọ́ kan, Àṣàbí, obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ kú lọ́jọ́ tó bí i, wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Bó ṣe bú sẹ́kún, àyà Ìbídùnní já. Ló bá ń sọ̀rọ̀ láìdánu dúró: "Ẹ má sunkún mọ́, mà. Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò." Àṣàbí dìde, ó gbé báàgì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Lọ́sẹ̀ kejì, kò wá. Síbẹ̀, ohun tí Ìbídùnní kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ọkàn Àṣàbí ti balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn Ìbídùnní. Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì dé, tí àgbà béèrè ìbéèrè rẹ̀, ẹkún ló fi dáhùn. Ó ro gbogbo rẹ̀ pátá, tòun ti irọ́ tó kọ. "Bóyá n ò yẹ fún iṣẹ́ yìí, mà."

Ìyá Odùtọ́lá fa àga sún mọ́ ọn. "Ọmọ mi, lọ́dún àkọ́kọ́ tèmi, mo sọ fún opó kan pé kó gbàgbé ọkọ rẹ̀. Ta ni ẹkún Àṣàbí ń bà lẹ́rù, òun ni àbí ìwọ?"

Ìbídùnní nu ojú rẹ̀. "Èmi ni, mà."

"Ó dáa. Tún ìwé yẹn kọ, ká tó jọ ṣe é wò." Ìyá Odùtọ́lá ṣe bí Àṣàbí, Ìbídùnní sì kọ́ bí a ṣe ń jókòó ti ẹni tó ń sunkún láìsọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó pe Àṣàbí, ó bẹ̀ ẹ́. Àṣàbí padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni Ìbídùnní bi í: "Orúkọ wo lẹ fẹ́ sọ ọmọ náà, mà?"

"Iyùnadé," ni Àṣàbí wí. "Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí." Ó sunkún tẹ́rùn. Ìbídùnní ò sì sá fún ẹkún náà. Kí Àṣàbí tó lọ, òun fúnra rẹ̀ ló béèrè ọjọ́ tí òun yóò tún wá.

Ẹ̀yin ọmọ mi, àìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Fífi í pamọ́ fún ẹni tó lè ranni lọ́wọ́ ló ń ṣèpalára. Àgbà tó bá sì fẹ́ kí ọmọdé sòótọ́ kò gbọdọ̀ fi èébú pàdé rẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.