Àwọn Ajalèlókun Dé

Màmá Télọ̀ ń gé aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀ já wọ gúrúùpù ẹbí lórí Wásáàpù:

"E gba mi o! Awon ajalelokun ti gba oko mi!"

Sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ Màmá.

Iṣẹ́ orí omi ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń ṣe!

Ó pe ọmọ, kò gbé e. Ó pe ìyàwó, òun náà ò gbé e.

"Mo gbé o!"

Màmá ti já síta. Téèpù ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ò bá èkejì mu.

Ó bá ìyàwó ní pálọ̀ ilé wọn, tó fajú ro, tó di fóònù mú.

"Ibo ni wọ́n gbé ọmọ mi gbà?"

"Ọmọ yín kẹ̀? Ọkọ̀ ni mo wí, Màmá! Ọkọ̀ mi, nínú géèmù àwọn ará Gíríkì àtijọ́ yìí. Ọkọ̀ ogun ajalèlókun ló kọlù mí!"

Màmá fìdí lélẹ̀ gbì.

"Torí àmì tí o ò fi sórí ọ̀rọ̀ kan, o fẹ́ẹ́ pa mí!" Ẹ̀rín ti ń gbé e. "Ta tiẹ̀ ni olè ọ̀hún? Màá bá a jà."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín nínú yàrá.

Ìyàwó nawọ́ síbẹ̀.

"Ọkọ mi ni, Màmá. Ọkọ mi ló gba ọkọ̀ mi."