Ihò Wáyà Méjì àti Ẹ̀sùn Olè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já ìtàn yìí sí ojú ọ̀nà. Ẹ kà á dé orí ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń bá àna tàbí ìbátan gbé inú ilé kan náà.

1.

Ọkùnrin kan wà tó ń gé fídíò, tó sì ń tò ó pọ̀, fún àwọn oníbàárà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Mo-ti-mọ̀, torí pé ẹni tó fẹ́ ṣàlàyé nǹkan fún un kì í tíì la ẹnu tán tí yóò fi dá a lóhùn. Yàrá iwájú ló ti ń ṣiṣẹ́. Yàrá ẹ̀yìn ni àbúrò ìyàwó rẹ̀ ń gbé, ọmọbìnrin atúmọ̀-èdè kan tó ń wá iṣẹ́. Àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló ń bọ́ gbogbo ilé.

Mo-ti-mọ̀ rò pé kọ̀ǹpútà òun ń fà. Ihò wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan péré ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ló bá lọ ra káàdì tí yóò fi ihò kejì kún un.

Ẹni tó tà á fún un ní, "Ọ̀gá, ẹ gbọ́. Tí ẹ bá fẹ́ da ihò méjèèjì pọ̀, àpótí yín náà gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i. Tí kò bá mọ̀ sí i, ẹ má ti wáyà méjèèjì bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà o. Wọ́n á máa..."

"Mo ti mọ̀! Ọwọ́ kan ò sáà gbẹ́rù dórí."

Ó délé, ó ti káàdì bọ inú kọ̀ǹpútà, ó fi wáyà méjì so ó mọ́ àpótí kan náà. Ó rí ibi tí wọ́n kọ "so pọ̀" sí lójú kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́. Kò ka ìyókù.

2.

Ọjọ́ yẹn ni wàhálà dé. Bí Mo-ti-mọ̀ bá ti tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ báyìí, kò ní pẹ́ tí íńtánẹ́ẹ̀tì á fi kú. Fídíò tó ń dé ọ̀dọ̀ oníbàárà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tẹ́lẹ̀ di iṣẹ́ odindi òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá pa kọ̀ǹpútà, tó lọ jẹun, á gbọ́ tí ọmọbìnrin yẹn ń bá ẹni orí fídíò rẹ́rìn-ín kèékèé ní yàrá ẹ̀yìn.

Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu ú. Ó dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ó tàn án, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kú. Ó pa á, ẹ̀rín sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, kí lẹ̀yin ìbá rò? Mo-ti-mọ̀ ní ọmọ yìí ń ṣọ́ òun ni, pé bí òun bá ti tan kọ̀ǹpútà ló ń fa gbogbo íńtánẹ́ẹ̀tì sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Àgbàlagbà wá ń yọ́ rìn nínú ilé ara rẹ̀, ó ń fi etí lé ilẹ̀kùn. Tí ọmọbìnrin náà bá ní "Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n," á rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

"Àbúrò rẹ ń jí íńtánẹ́ẹ̀tì mi lò," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé ẹ ti bi í?"

"Ta ló máa ń bi olè?"

"Dádì, ẹ má pe ọmọ ìyá mi lólè. Ẹ bi í ná."

Kò bi í.

3.

Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè kan, agogo méjì ọ̀sán ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ìkẹyìn ọmọbìnrin yìí lórí fídíò. Iléeṣẹ́ kan fẹ́ gbà á kó máa túmọ̀ èdè fún àwọn aláìsàn tí wọn ò gbọ́ èdè dókítà wọn. Oṣù mẹ́jọ ló ti ń wá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti lọ aṣọ, ó ti fi aṣọ bo ibi tí ọ̀dà ti ṣí lára ògiri.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí agogo méjì lù, fídíò Mo-ti-mọ̀ há. Ó fìbínú dìde, ó yí ọ̀rọ̀ ìwọlé íńtánẹ́ẹ̀tì padà.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn. "Ẹ̀gbọ́n, kò gbà mí wọlé mọ́ o."

"Bi ara rẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, mo kúnlẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú péré. Tí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lẹ́yìn náà."

"Àṣírí rẹ ti tú. Ọ̀sẹ̀ méjì lo fi fa gbogbo rẹ̀ mu mọ́ mi lọ́wọ́. Lọ ra tìẹ!"

Ó gbé fóònù, ó sáré jáde. Orí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù kan tó ní íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti dá àwọn iléeṣẹ́ náà lóhùn, ọkọ̀ ń fun fèrè níwájú, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní, "A ò gbọ́ yín." Lẹ́yìn náà wọ́n ní ó ṣeun, wọ́n pa ìpè náà.

Ó padà wálé, ó di ẹrù rẹ̀, kò pariwo. Ó kàn sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kó tó lọ pé, "Mo lè fara da àìríṣẹ́. Mi ò lè gbé ibi tí wọ́n ti dá mi lẹ́bi láìbi mí."

4.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Mo-ti-mọ̀ jókòó pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn, ó tan kọ̀ǹpútà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kú.

Ó yọjú sí yàrá ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀dì lásán. Ó wá bojú wo ìyàwó rẹ̀. "Ṣé ìwọ lo fún un ní ọ̀rọ̀ ìwọlé tuntun?"

"Ó ku èmi àti ológbò nílé yìí," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Èwo lẹ fẹ́ kọ́kọ́ dè lókùn?"

Ìtìjú ló mú kó pe obìnrin kan tó ń tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe. Obìnrin náà ò tíì gbé báàgì sílẹ̀ tó fi rí iná ara àpótí, tó ń ṣẹ́jú wìrìwìrì bí ojú ẹni tí ata ta sí.

"Ta ló ti wáyà méjì láti ara kọ̀ǹpútà kan bọ ibí?"

"Èmi ni. Kó lè yá ni."

Obìnrin náà yọ ọ̀kan. Iná rọlẹ̀.

"Ọ̀gá, àpótí yìí ò mọ̀ pé ẹ so wọ́n pọ̀. Ohun tó bá gba wáyà kan jáde, èkejì ló ń gbà padà. Wọ́n ń yí po ṣáá bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ igi, títí ọ̀nà fi dí pa. Tí ẹ bá pa kọ̀ǹpútà, ọ̀nà á là fún gbogbo ilé. Ẹnikẹ́ni ò jí nǹkan kan."

Mo-ti-mọ̀ pe àbúrò ìyàwó rẹ̀, ó ń kálòlò bẹ̀ ẹ́. Ọmọbìnrin náà gbọ́ ọ tán.

"Ẹ ṣeun tí ẹ pè, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti gba ẹlòmíì síṣẹ́ náà láàárọ̀ yìí." Ó pa fóònù.

Ìyàwó rẹ̀, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kìlọ̀ fún yín. Àlejò, àna, ọmọ ọ̀dọ̀, ẹni tí kò ní ilé tirẹ̀: àwọn la máa ń kọ́kọ́ fura sí, torí pé wọn ò lè lé wa jáde. Ìwà ìrẹ́jẹ ni. Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni lólè, ẹ bi í, kí ẹ sì kọ́kọ́ yẹ ohun tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe wò. Ẹ̀bẹ̀ lè tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọkàn ṣe nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n agogo méjì ọ̀sán tó ti kọjá ò ní padà mọ́.

Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé.