Kọ̀ǹpútà Dádì Kọ̀, Kò Ṣí

Láti àárọ̀ ni kọ̀ǹpútà Dádì ti ń kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Ayédèrú ni sọ́fítíwíà yìí. Ẹ ra ojúlówó."

Iṣẹ́ ọ̀la wọn sì há sínú ẹ̀.

"Iṣẹ́ ọ̀tá ni!" Dádì ń da òróró àdúrà sórí kíbọọ̀dù.

Mo ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká kúkú ra ojúlówó."

"Ọlámijùlọ, ṣé orí ẹ pé? Pe Ẹkúndayọ̀ ní Computer Village, kó wá bá mi kírákì ẹ̀, kó ṣí láìsanwó!"

Ẹkúndayọ̀ dé, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó ṣí.

"Ògo ni fún Ọlọ́run!"

Dádì ní kí n tètè tẹ ìwàásù ọ̀la jáde fún ìjọ.

Mo wo àkọlé ẹ̀: ÌWỌ KÒ GBỌDỌ̀ JALÈ.

"Kọ ọ́ sísàlẹ̀ ẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dà á kọ láìgbàṣẹ mi o!"