Àpótí Tó Tì Pa

Ẹ̀ṣọ́ tó ń lé ìméèlì pàǹtí ní ilé-iṣẹ́ ìméèlì kan tẹ bọ́tìnnì, ó sì ti àpótí ìméèlì ẹnì kan tó ń fi ìwé kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo ayé pa.

“Ọ̀gá, ṣé ẹ kà á kẹ́ ẹ tó tì í?” obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bèèrè.

“Ta ló ń ka pàǹtí? Ẹni tó bá ń dí aráyé létí, ẹnu rẹ̀ là ń dí. Ìyà tó tọ́ sí i nìyẹn.”

Nígbà tó ṣe, ó yọ fóònù tó ti pa lẹ́nu mọ́ látàárọ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti pè é títí. Ó pè é padà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wá fún Màámi! Irú tiwọn ṣọ̀wọ́n. Mo fi ìméèlì ilé-ẹ̀kọ́ wa bẹ gbogbo ènìyàn, àmọ́ kò ṣí fún mi mọ́.”

Ó sáré ṣí àpótí tó tì náà padà. Èsì kan wọlé:

“Ẹ̀jẹ̀ mi bá tiwọn mu. Mo dé ilé ìwòsàn, mo sì kọ̀wé pé yàrá wo ni, ẹ ò dáhùn. Mo gbà pé jìbìtì ni. Mo ti padà sílé.”