Ìyáàlé Ní Kí Mùlíkátù Má Kéwú

Mùlíkátù ti pé ọgọ́ta ọdún, àwọn ọmọdé ló sì ń bá jókòó lórí ẹní nílé kéwú ní Ẹ̀pẹ́.

Orúnkún ń dùn ún. Láràárọ̀ ló ń sọ pé òun ò lọ mọ́.

Láràárọ̀ náà ni Sọ̀fíyàt, ìyáàlé rẹ̀, ń yọ ṣùtì sí i.

"Ìyàwó, jókòó jẹ́ẹ́. Ẹja yíyan ni Ọlọ́run dá ẹ fún, kì í ṣe kéwú."

Inú á bí Mùlíkátù, á gbé Kùránì, á jáde láìjẹun.

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ó parí Kùránì lónìí, wọ́n ń ṣe wòlímọ̀ fún un.

"Ẹ bá mi dúpẹ́, Àáfà. Mo ṣẹ́gun ọ̀tá ilé."

Àáfà rẹ́rìn-ín. "Ọ̀tá wo? Ìyáàlé yín ló wá bẹ̀ mí kí n gbà yín sílé kéwú. Ó ní, 'Mo mọ ìyàwó mi. Tí mo bá ní kó lọ, kò ní lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi.'"

Mùlíkátù bojú wẹ̀yìn. Sọ̀fíyàt ń bu ìrẹsì fún àlejò.

"Ìyàwó, ó kù kó o ní o fẹ́ há Kùránì sórí. Orí wo?"

Mùlíkátù ti mọ ète rẹ̀ wàyí. Síbẹ̀, inú bí i.

Nígbà tí ilẹ̀ Mọ́ńdè mọ́, òun ló kọ́kọ́ dé ilé kéwú.